Olóbì àti Oníyọ̀ Lẹ́yìn Ọgbà Zana

Ìwọ tó ń ka èyí, mo bẹ̀ ọ́, ṣọ́ra. Bí àgbàlagbà kan bá wà nítòsí, má kà á sókè. Ọgbà zana tí wọ́n fi koríko hun kì í dí ọ̀rọ̀ lọ́nà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Moshie Zongo, àdúgbò àwọn àlejò, ní ọdún kejì tí Ghana gba òmìnira, etí tó ń gbọ́ láti ẹ̀yìn zana ló dá a sílẹ̀.

Ẹ̀rín ni Àdùnní kọ́kọ́ rí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà àgbàlá Ìyá Rùkáyátù. Eruku títì Yendi ti lé tìróò pupa sí i lójú, eyín rẹ̀ sì funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Ó bu ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan, ó jókòó sáàárín àwọn tó ń pa ẹ̀pà, àfi bí ẹni tí wọ́n ti ń retí.

Òróró ẹ̀pà ni Ìyá Rùkáyátù ń tà. Lẹ́yìn ìrun Aláásárì, ẹni tó bá bá a pa ẹ̀pà, ìtàn ni owó iṣẹ́ rẹ̀. Ìtàn Olóbì àti Oníyọ̀ ni wọ́n wà lórí rẹ̀ nígbà náà. Obìnrin kan ń kó obì bọ̀ láti Kumasi, ọkùnrin kan ń kó iyọ̀ bọ̀ láti Daboya, ọkọ̀ ojú omi kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì sì ń dù. Lọ́jọ́ náà, Olóbì da omi sínú iyọ̀.

"Kí odò gbé Olóbì lọ!" ni àlejò náà pariwo.

Àdùnní yíjú sí i. "Ìwọ ni odò yóò kọ́kọ́ gbé. Àwọn méjèèjì máa fẹ́ra wọn ni."

"Fẹ́ra kẹ̀? Ẹni tó ba ọjà rẹ̀ jẹ́?"

"Báwo ni Olóbì ṣe mọ ọjọ́ tí iyọ̀ ń bọ̀? Ó ń wo ọ̀nà rẹ̀ ni! Ẹni tó ń bá ọ du nǹkan ló mọ ìrìn rẹ, ló mọ ibi tó ń dùn ọ́. Ọ̀rẹ́ mìíràn ò tilẹ̀ mọ̀ bóyá o ti jẹun."

Ọkùnrin náà pa ẹ̀pà kan, ó jù ú sígbá. "Ó dáa, Olóbì mi. Ọmọ ta ni ọ́?"

"Àdùnní, ọmọ Mọ̀múdù oníbúláńkẹ́ẹ̀tì."

Ẹ̀rín kú lójú rẹ̀. "Yéè! Èmi ni Abdul-Ganiyu. Àlíù ni bàbá mi."

"Kai!" ni àwọn apẹ̀pà ké.

Ṣọ́ọ̀bù Mọ̀múdù àti ti Àlíù kọjú síra lọ́jà, búláńkẹ́ẹ̀tì kan náà ni wọ́n ń tà. Ọjọ́ tí Mọ̀múdù pe oníbàárà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wọ ṣọ́ọ̀bù Àlíù ni ìjà ti dé. Títí kan mọ́ṣáláṣí, wọn kì í kíra. Yendi ni Abdul-Ganiyu ti dàgbà lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀, ìyẹn ni Àdùnní ò fi mọ̀ ọ́n.

Ó yẹ kí Àdùnní dìde kúrò níbẹ̀. Kò dìde. Lọ́jọ́ kejì ó tètè dé, Abdul-Ganiyu sì ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Lọ́jà, ọkùnrin náà a máa kígbe pé, "Ẹ má rà lọ́hùn-ún, tiwa ló nípọn!" a sì ṣẹ́jú sí i. Àdùnní á pòṣé, á fi gèlè bo ẹ̀rín.

Ààwẹ̀ ń parí lọ nígbà tí Mọ̀múdù pè é. "Bí a bá ti túnu, o ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ti ṣèlérí fún ọkọ rẹ."

"Ọkọ wo, Bàbá? Mi ò rí i rí."

"Wàá rí i tí o bá débẹ̀."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Àdùnní sọ ọ́ fún Abdul-Ganiyu nídìí ẹ̀pà.

"Jẹ́ n lọ bá bàbá rẹ," ni Abdul-Ganiyu sọ.

"Kí wọ́n lè fi búláńkẹ́ẹ̀tì wé ọ láàyè?"

Ìyá Rùkáyátù wo omijé ojú Àdùnní. Ó wo zana ọwọ́ ọ̀tún, ó wo ti òsì. Ó ti pẹ́ tó ti ń rí i pé wọ́n ń mì nígbà ìtàn, láìsí afẹ́fẹ́. Ó tẹnu bọ ìtàn.

"Ọkọ̀ dojú dé láàárín odò! Iyọ̀ ń yọ́ lọ, Olóbì ń rì. Oníyọ̀ wo iyọ̀. Ó wo ọwọ́ obìnrin náà…" Ó húkọ́. "Ó parí. Wọ́n yọ Olóbì, wọ́n sì fà á fún ọkùnrin kan tí kò rí rí."

"Irọ́ ni!" Ohùn kan bú jáde lẹ́yìn zana ọ̀tún. "Ta ló mọ̀ ọ́n bí Oníyọ̀? Ẹ jẹ́ kí wọ́n fẹ́ra!"

"Òótọ́ ọ̀rọ̀!" ni ohùn kejì dáhùn láti òsì. "Bàbá wo ló ń fi ọmọ ta lọ́rẹ báyìí?"

Fìlà kan yọ lókè zana lápá ọ̀tún. Òmíràn yọ lápá òsì.

"Ìwọ, Àlíù?" ni ti ọ̀tún ké.

"Ìwọ náà, Mọ̀múdù?"

Kí ojú tó tì wọ́n tán, Abdul-Ganiyu ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú èèpo ẹ̀pà. Àdùnní kúnlẹ̀ tì í.

"Ẹ̀yin bàbá wa, Olóbì nìyí. Èmi ni Oníyọ̀. Ẹnu yín lẹ fi sọ ọ́."

Mọ̀múdù ti fìlà rẹ̀ sẹ́yìn. Ó wo ọmọ rẹ̀ títí.

Àlíù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Oníbàárà ọjọ́sí, jẹ́ kó jẹ́ tìẹ."

"Rárá," ni Mọ̀múdù wí, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ. Mo rí i." Ó nu ojú. "Èmi fúnra mi ni n ó bẹ ará Ògbómọ̀ṣọ́. Ní kí ọmọ rẹ máa gbé obì bọ̀."

Obì dé, iyọ̀ dé, wọ́n so yìgì lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀. Àdùnní fi iyọ̀ kan ahọ́n ọkọ rẹ̀. "Ṣé odò ò gbé mi lọ mọ́?"

"Bó bá gbé ọ, Olóbì mi, kó gbé wa pọ̀."

Mọ̀múdù yọ́ lọ bá Ìyá Rùkáyátù. "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ẹ sọ òótọ́. Ṣé iyọ̀ ni Oníyọ̀ dì mú ni, àbí ọwọ́?"

Ìyá Rùkáyátù da igbá òfìfo dé.

"Ẹ̀pà ti tán," ni ó wí. "Mi ò sọ nǹkan kan mọ́."