Ẹnìkejì Rẹ Dà?

"Má wo ìsàlẹ̀," Afínjú sọ fún Jẹ́jẹ́, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "Tí o bá wò ó, o ò ní lè jẹun mọ́ lónìí."

Ṣùgbọ́n Jẹ́jẹ́ ti wò ó tán. Ọkọ̀ ojú irin náà ń kọjá lórí afárá gígùn kan, ilẹ̀ sì ti pòórá lábẹ́ wọn. Òkè méjì dojú kọ ara wọn bí ògiri ilé tí wọn kò kan òrùlé sí. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, odò kan ń ru, ó ń hó, ó funfun bí ìfóófòó ọṣẹ. Jẹ́jẹ́ di àga mú.

Ìyá rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́, nítorí láti kékeré ni kì í ti í sáré, tí kì í sì í pariwo; òun ni olórí kíláàsì wọn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní tirẹ̀ kì í wọ aṣọ tí wọn kò bá lọ̀, ìbáà ṣe aṣọ ilé ìwé. Ìdí nìyẹn tí gbogbo kíláàsì fi ń pè é ní Afínjú. Inú ilé kan náà ni wọ́n ń gbé, àwọn Jẹ́jẹ́ nísàlẹ̀, Afínjú àti ìyá rẹ̀ lókè. Nọ́ọ̀sì ni ìyá Afínjú, òun nìkan ló sì ń dá tọ́ ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn, ó dúró lórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, ó tún kọ́là ọmọ rẹ̀ ṣe, ó wá kọjú sí Jẹ́jẹ́.

"Ìwọ ni mo fà á lé lọ́wọ́ o. Èyí, ojú rẹ̀ kì í gbé ibì kan."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, mà," Jẹ́jẹ́ dáhùn. "A jọ ń lọ, a jọ ń bọ̀ ni."

Olùkọ́ ìmọ̀ ilẹ̀ ló ń kó kíláàsì wọn lọ wo àfonífojì ńlá tó wà láàárín àwọn òkè náà, kí wọ́n lè fi ojú ara wọn rí ohun tí wọ́n ti ń kà nínú ìwé. Obìnrin kúkurú ni, kì í rí òkúta kó má bẹ̀rẹ̀ mú un. Ìyá Olókùúta làwọn ọmọ ń pè é lẹ́yìn. Òun náà mọ̀, kò sì bínú sí i. Olùkọ́ eré ìdárayá ló bá a kó wọn. Kí ọkọ̀ tó gbéra ni Ìyá Olókùúta ti pín wọn ní méjì-méjì.

"Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jìnnà sí ẹnìkejì rẹ̀," ó sọ fún wọn. "Tí mo bá bi yín pé ẹnìkejì yín dà, òótọ́ ni kí ẹ fi dá mi lóhùn. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni mo ń bá yín sọ."

Ibùdó tó wà létí àfonífojì náà kò ju yàrá kan àti pèpéle símẹ́ńtì lọ. Kò sí ilé nítòsí, fóònù kò sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rárá. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀kalẹ̀, gáàdì ọkọ̀ náà, bàbá kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń hewú, nawọ́ sí òkè.

"Ọkọ̀ yìí nìkan ló ń padà lónìí. Tí ẹ bá ti gbọ́ fèrè rẹ̀, kí oníkálukú máa bọ̀. Ẹ wo òkè lọ́hùn-ún, òjò ti ń rọ̀ níbẹ̀. Odò ìsàlẹ̀ yìí ni gbogbo omi yẹn máa bá bọ̀."

Wọ́n rìn lẹ́bàá irin tí wọ́n fi dábùú bèbè ọ̀gbun náà. Ìyá Olókùúta ń ṣàlàyé bí omi ṣe gbẹ́ òkè sí méjì díẹ̀díẹ̀. Afẹ́fẹ́ tutù ń fẹ́ láti ìsàlẹ̀, ó ń rùn bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Jẹ́jẹ́ ń rìn ní apá ibi tí òkè wà, ó dorí kodò, kó má baà rí ọ̀gbun. Nígbà tó máa gbójú sókè, Afínjú ti fà á lápá.

"Wò ó, ibí yìí ni wọ́n ń gbà sọ̀kalẹ̀."

Irin ìdábùú ti tẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀nà tóóró kan gba abẹ́ rẹ̀ lọ sínú igbó, ó dorí kodò sí ibi tí omi ti ń já láti orí àpáta. Pátákó kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: EWU. ẸNIKẸ́NI KÒ GBỌDỌ̀ KỌJÁ IBÍ.

"Ṣé o ò rí pátákó ni?" Jẹ́jẹ́ bi í.

"Pátákó ni yẹn, kì í ṣe ọlọ́pàá. Fọ́tò kan péré ni mo fẹ́ yà nídìí omi yẹn. Gbogbo ilé ìwé ló máa rí i."

"Mi ò lọ. Ìwọ náà má lọ."

"Ìwọ àti ojo, ẹ bára yín tan." Afínjú rẹ́rìn-ín, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Tí Ìyá Olókùúta bá béèrè mi, sọ pé mo ti wọ ọkọ̀. Kí o tó jókòó, màá ti dé. Tí wọ́n bá tún gbá mi mú, o mọ̀ pé lílé ni wọ́n máa lé mi. Ṣé ohun tó o fẹ́ nìyẹn?"

Jẹ́jẹ́ mọ̀ pé kò parọ́. Afínjú ti fo ògiri ilé ìwé nígbà kan, ọ̀gá ilé ìwé sì ti kìlọ̀ fún un níwájú ìyá rẹ̀. Ó wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó wo pátákó.

"Ó dáa," ló sọ. "Ṣe kíá."

Afínjú tẹrí ba, ó gba abẹ́ irin kọjá. Súwẹ́tà pupa rẹ̀ wọnú igbó lọ.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni kùrukùru sọ̀kalẹ̀. Ó kọ́kọ́ bo orí òkè, ó bo igi, ó wá bo ojú ọ̀nà débi pé ẹni tó wà níwájú ń dà bí òjìji. Ọkọ̀ fọn fèrè. Ìyá Olókùúta bẹ̀rẹ̀ sí í ké sí wọn pé kí wọ́n yára. Ariwo bàtà gba gbogbo ọ̀nà. Jẹ́jẹ́ bojú wẹ̀yìn, kò rí nǹkan kan. Bó ṣe dé orí pèpéle ibùdó, ó rí ohun pupa kan tó wọ apá tó kẹ́yìn ọkọ̀ náà. Ó mí kanlẹ̀. Afínjú nìyẹn, ó rò bẹ́ẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ ni Ìyá Olókùúta dúró sí.

"Jẹ́jẹ́, ẹnìkejì rẹ dà?"

"Ó ti wọlé, mà."

"O fi ojú ara rẹ rí i?"

Ó yẹ kó sọ pé ohun pupa kan lòun rí. Ó yẹ kó sọ̀rọ̀ irin tó tẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà lẹ́yìn ń tì í, olùkọ́ sì ń kánjú.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ọkọ̀ gbéra.

Jẹ́jẹ́ kò jókòó. Ó gba àárín àga lọ sẹ́yìn, ó ń wo ojú kan tẹ̀ lé òmíràn, ó ń tọrọ gáfárà. Ó dé apá tó kẹ́yìn. Ìyá àgbàlagbà kan jókòó síbẹ̀, ó fi ìborùn pupa bo èjìká, ó ti ń tòògbé. Jẹ́jẹ́ kan ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ọkùnrin kan ló jáde. Ó wá dà bíi pé wọ́n da omi yìnyín sí i lẹ́yìn.

Nígbà tó padà síwájú, ó kó sọ́wọ́ ọmọ kíláàsì wọn kan tí wọ́n ń pè ní Lọ́yà, nítorí pé kò sí ẹjọ́ tí kò lè rò. Jẹ́jẹ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un wúyẹ́wúyẹ́. Lọ́yà wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Dákẹ́ ẹnu ẹ," ó sọ. "O ti sọ pé o fi ojú ara rẹ rí i. Tí o bá wá yí ọ̀rọ̀ padà báyìí, ìwọ ni wọ́n máa kọ́kọ́ lé. Ó máa rí ọkọ̀ mìíràn wọ̀. Afínjú kì í ṣe ọmọdé."

"Kò sí ọkọ̀ mìíràn."

"Ṣé ìwọ lo ní kó lọ ni?"

Jẹ́jẹ́ jókòó. Ọ̀rọ̀ Lọ́yà dùn mọ́ ọn létí, ó sì kórìíra ara rẹ̀ pé ó dùn mọ́ òun. Tó bá dákẹ́, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀ títí wọ́n á fi délé. Láàárín ìgbà náà, nǹkan lè tún ara rẹ̀ ṣe.

Ọkọ̀ wọ inú ihò tí wọ́n gbẹ́ gba abẹ́ òkè. Gbogbo ibẹ̀ ṣókùnkùn lójijì. Àwọn kan ń hó, wọ́n ń ṣeré. Jẹ́jẹ́ kò rí ọwọ́ ara rẹ̀. Nínú òkùnkùn yẹn ló ti ń rí i, kedere bíi pé ó wà níbẹ̀: omi ń gun àpáta bọ̀, Afínjú ń pariwo, kùrukùru ń gbé ohùn rẹ̀ mì. Ó mọ̀ pé láyé yìí, òun nìkan ló mọ ibi tí ọmọ yẹn wà. Tí òun bá pa á mọ́ra, kò sí ẹni tó máa wá a, nítorí kò sí ẹni tó mọ̀ pé ó sọnù.

Ó dìde, ó ń táràrà láàárín àga. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe padà, iwájú Ìyá Olókùúta ló bá ara rẹ̀.

"Mà, irọ́ ni mo pa. Mi ò rí i. Afínjú kò sí nínú ọkọ̀."

Ojú olùkọ́ náà yí padà bí ojú ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún. Kò bá a wí. "Níbo lo fi í sí?" ló béèrè. Jẹ́jẹ́ sọ ọ̀rọ̀ irin tó tẹ̀ náà fún un.

Gáàdì gbọ́, ó sáré lọ bá awakọ̀. Ojú irin kan ṣoṣo ló wà, ọkọ̀ kò lè yí padà; àmọ́ wọ́n dúró ní ibùdó tó tẹ̀ lé e, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tún ojú irin ṣe ní ọkọ̀ kékeré kan tí kò ní ògiri. Olùkọ́ eré ìdárayá kó àwọn ọmọ yòókù lọ sílé. Ìyá Olókùúta fa Jẹ́jẹ́ lọ́wọ́.

"O ń bá wa lọ. Ìwọ lo mọ ọ̀nà."

Òṣìṣẹ́ méjì kó okùn àti tọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì gbéra. Òjò ti dé. Nínú ihò abẹ́ òkè náà, omi ń já lé wọn lórí, ariwo kẹ̀kẹ́ irin ń ro bíi pé òkè fẹ́ wó. Jẹ́jẹ́ ń gbàdúrà láìlanu.

Nígbà tí wọ́n dé ibi irin tó tẹ̀, odò ti ń bú ramúramù. Wọ́n pe Afínjú títí, wọn kò gbọ́ nǹkan kan. Jẹ́jẹ́, ẹni tí kì í pariwo, ké títí ọ̀fun rẹ̀ fi ń ta á. Òṣìṣẹ́ tó dàgbà jù gbé ọwọ́ sókè pé kí wọ́n dákẹ́. Wọ́n wá gbọ́ ohùn kan bíi kíkàn: òkúta ń lu òkúta, ó ń dúró, ó tún ń lù.

Orí àpáta pẹrẹsẹ kan ni wọ́n ti rí i, nísàlẹ̀ bèbè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti tẹ̀ sí ibi tí kò yẹ kí ẹsẹ̀ tẹ̀ sí. Omi ti yí àpáta náà ká, ó sì ti ń fọ́n sí i lójú. Òṣìṣẹ́ tó kéré so okùn mọ́ ìbàdí, ó sọ̀kalẹ̀. Jẹ́jẹ́ ló di tọ́ọ̀ṣì mú; ó wo inú ọ̀gbun náà láìyíjú, nítorí tí ìmọ́lẹ̀ bá mì, ẹsẹ̀ ọkùnrin yẹn lè yẹ̀. Kí wọ́n tó fà wọ́n gòkè tán, omi ti bo orí àpáta náà.

Ètè Afínjú ti funfun. "Mo gbọ́ tí ọkọ̀ fọn fèrè," ó sọ, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. "Mo gbọ́ tó lọ. Mo ní o máa sọ fún wọn. Mo kàn ń sọ ọ́ lásọtúnsọ pé o máa sọ fún wọn."

Jẹ́jẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ẹsẹ̀ náà dá. Afínjú pẹ́ ní ilé ìwòsàn, ìdánwò àṣekágbá sáà náà kọjá lórí rẹ̀, àwọn dókítà sì sọ fún un pé yóò máa tiro díẹ̀. Ilé ìwé lé Jẹ́jẹ́ sílé fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì gba ipò olórí kíláàsì lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n pe Ìyá Olókùúta náà síwájú ìgbìmọ̀ ilé ìwé. Kò di ẹ̀bi ru ọmọ kankan. "Etí ni mo fi gbọ́ ohun tó yẹ kí n fi ojú rí," ló sọ. Nígbà tí sáà tuntun bẹ̀rẹ̀, ẹlòmíràn ló wá ń kọ́ wọn ní ìmọ̀ ilẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, ìyá Afínjú sọ̀kalẹ̀ wá sí yàrá tí ìyá Jẹ́jẹ́ ti ń ránṣọ. Jẹ́jẹ́ ń rán bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù kan. Ó dìde, ó kúnlẹ̀, kò lè gbójú sókè. Ìyá tirẹ̀ dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró.

"Mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ pé o sọ̀rọ̀," nọ́ọ̀sì náà sọ. "Tí o bá dákẹ́ délé ni, òkú ọmọ ni ǹ bá gbà. Ṣùgbọ́n èyí tó o fi dákẹ́ kó o tó sọ ọ́, mi ò tíì lè dárí rẹ̀ jì ọ́. Mò ń gbìyànjú. Dìde nílẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà dun Jẹ́jẹ́ ju lílé tí wọ́n lé e lọ. Síbẹ̀, kò bínú sí i, nítorí òótọ́ ni, òun náà sì ti mọ ohun tí òótọ́ tó pẹ́ máa ń náni.

Ẹyin lohùn, ohun tó bá ti balẹ̀, kò ṣeé kó jọ mọ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló rò pé ẹni tó bá bo ọ̀rẹ́ rẹ̀ láṣìírí ló fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ àṣírí mìíràn wà tó jẹ́ pé inú ọ̀gbun ló ń bo èèyàn mọ́. Tí ọ̀rẹ́ rẹ bá ní kó o parọ́ fún òun nítorí ibi tó léwu, kọ̀ fún un lójú ẹsẹ̀. Tí o bá sì ti pa á, má dúró kí ìtìjú tán lára rẹ kó o tó sọ òótọ́. Ìtìjú kì í pa èèyàn. Omi tó ń gun àpáta bọ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni.