Kòkòrò Inú Ìgò Ọ̀jọ̀gbọ́n

Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé ìgò rẹ̀ sókè síbi fèrèsé láàbù ilé ìwé, ó wò ó títí, ojú rẹ̀ sì fà ro. Ẹnu rẹ̀ tí kì í sinmi ni kíláàsì fi sọ ọmọbìnrin náà ní Ọ̀jọ̀gbọ́n. Omi inú ìgò àwọn yòókù ti rú bí omi ìfọṣọ. Tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rú díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n fipá mú.

"Ṣé ààwẹ̀ làwọn kòkòrò tìẹ ń gbà ni?" Ẹlẹ́rìn-ín, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jókòó tì í, ló bi í bẹ́ẹ̀.

"Panu mọ́ jàre!"

Kòkòrò àìfojúrí ni wọ́n ń sìn, irú èyí tó ń jẹ ṣúgà, tó sì ń fi ṣe èròjà amínò, ọ̀kan lára ohun tí ara fi ń mọ ẹran. Kòkòrò kì í ya àpà. Bí èyí tó ṣe bá ti tó o lò, á dáwọ́ dúró. Ìdí nìyẹn tí olùkọ́ wọn obìnrin fi ní kí wọ́n máa da májèlé kan sí i, èyí tó jọ èròjà náà bí ìbejì. Kòkòrò á rò pé òun ti ní ànító, á káwọ́ gbera, ebi á sì pa á kú. Àwọn olóríkunkun tí kò mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn dáwọ́ iṣẹ́ dúró nìkan ló ń yè, àwọn ló sì ń bí irú ọmọ tó ń ṣe èròjà náà ní àṣejù.

Ẹni tí tirẹ̀ bá ṣe jù ni yóò ṣojú ilé ìwé níbi ìdíje. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti sọ fún gbogbo ẹbí pé òun ni. Kódà, ó ti ń kọ́ bí yóò ṣe máa juwọ́ sí èrò.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa wọn èròjà inú ìgò, ó dé láàbù ṣáájú gbogbo èèyàn. Ó ti bu èròjà amọ́bẹ̀dùn funfun nínú ilé ìdáná ìyá rẹ̀, torí ọmọ ìyá kan náà ni òun àti èròjà tí kòkòrò wọn ń ṣe. Ó da ṣíbí mẹ́ta sínú ìgò, ó mì ín.

"Ẹ má bínú," ó sọ fún àwọn kòkòrò, "ẹ̀yin náà lẹ fà á."

Nígbà tí olùkọ́ wá wọn èròjà inú ìgò náà, ó pariwo ayọ̀. Kíláàsì pàtẹ́wọ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n sì tẹrí ba bí ìyàwó gómìnà. Àfi bí olùkọ́ ṣe tún un wọ̀n, tó sì yíjú sí i.

"Ọmọ mi, ṣúgà mélòó lo fún wọn jẹ?"

"Ṣíbí kan, mà."

"Èròjà tí mo bá níbẹ̀ tó ṣíbí mẹ́ta. Ẹ̀yin ọmọ, ta ló ti rí ẹni tó jẹ ṣíbí kan, tó wá su mẹ́ta?"

"Àbúrò mi kékeré, mà!" ni Ẹlẹ́rìn-ín dáhùn.

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Tirẹ̀ kò tilẹ̀ rí àárọ̀ kan lò. Ó kúnlẹ̀, ó sì jẹ́wọ́.

"Tèmi ò rú bíi tàwọn yòókù, mà. Mo rò pé ọ̀lẹ ni wọ́n."

Olùkọ́ mí kanlẹ̀. "Ọ̀lẹ kẹ̀? Èyí tó ń fi ṣúgà bímọ ni omi rẹ̀ máa ń rú. Èyí tó ń fi ṣúgà ṣe èròjà kì í ráyè bímọ púpọ̀. Ó ṣeé ṣe kí tìẹ dára jù nínú gbogbo ìgò yìí. Àmọ́ báwo la ṣe fẹ́ mọ̀? Mi ò lè ya iṣẹ́ tiwọn kúrò lára ọbẹ̀ màmá ẹ mọ́, ìdíje sì ti dé tán."

Ẹlẹ́rìn-ín ni wọ́n mú. Ọ̀jọ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ló gbé ìgò rẹ̀ sínú ìkòkò tí wọ́n fi ń se kòkòrò pa, ó ń sunkún.

"Má sunkún mọ́," ni Ẹlẹ́rìn-ín ń pẹ̀ ẹ́. "Ó kéré tán, ẹnu wọn dùn kí wọ́n tó kú."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Ọ̀jọ̀gbọ́n tipátipá, ẹkún sì tún gbà á. Májèlé olùkọ́ kò pa àwọn kòkòrò rẹ̀. Wọ́n ṣe iṣẹ́ wọn láìpariwo, òun tó ni wọ́n ni kò gbà wọ́n gbọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó bá bu èrú mọ́ iṣẹ́ òótọ́, iṣẹ́ òótọ́ náà ló kọ́kọ́ bà jẹ́.