Ohùn Tó Ń Ti Ilẹ̀kùn

Àwọn tó mọ̀ mí yóò ti máa rẹ́rìn-ín kí n tó lanu. Mi ò bá wọn jà. Èmi ni mo da iyọ̀ sínú ṣúgà àwọn ará Jámánì ní ìlú Khorixas. Èmi ni mo sọ fún àlejò kan pé tí ògòǹgò bá wo èèyàn lójú, onítọ̀hún gbọ́dọ̀ bọ́ bàtà. Ó bọ́ ọ. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Àwọn tí ó ṣojú wọn ṣì wà láyé, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó fẹ́ràn àwàdà mi.

Hiskia ni orúkọ mi. Iṣẹ́ wa ni pé kí á máa fi kẹ̀kẹ́ mú àlejò la aṣálẹ̀ kọjá, láti etí òkun wọ ilẹ̀ àwa ẹ̀yà Damara, níbi tí erin ti ń wa omi lábẹ́ iyanrìn. Bàbá Sagarias ló máa ń ṣáájú. Èmi ni mo máa ń gbẹ̀yìn. Àwọn àlejò á wà láàárín. Orúnkún ń dun Bàbá, ó sì ti sọ pé ìrìn yìí ni ìkẹyìn òun. Ẹni tó bá yàn ni yóò gba iwájú. Mo fẹ́ iwájú yẹn bí ọmọ ṣe ń fẹ́ ọyàn.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ìrìn náà, mo so agogo ọrùn ewúrẹ́ mọ́ abẹ́ ìjókòó kẹ̀kẹ́ Uazuva, àlejò wa kan, olùkọ́ ẹ̀yà Herero láti ìlú Okakarara. Gbogbo ọ̀nà ló fi ń wẹ̀yìn, tó ń wá ewúrẹ́. Nígbà tó rí agogo náà, òun fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Bàbá Sagarias kò rẹ́rìn-ín.

"Hiskia."

"Bàbá."

"Eré kan péré sí i, ìkòkò Albertina ni wàá máa fọ̀."

Àǹtí Albertina ló ń wa ọkọ̀ ẹrù wa, òun náà ló ń se oúnjẹ. Ìkòkò rẹ̀ tóbi. Mo jáwọ́ lójú ẹsẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kùrukùru wá láti òkun. Ó ki bí ògì. Ó ń gbé ariwo mì. Bàbá rán àwọn àlejò létí òfin wa: ipa kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń tọ̀, nítorí ojú táyà lórí òkúta wẹ́wẹ́ ilẹ̀ yẹn kì í parẹ́ títí ọmọ yóò fi di bàbá. Tí òun bá ké pé "Ẹ dáhùn o!", kí oníkálukú pe orúkọ ara rẹ̀, láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ẹni tó gbẹ̀yìn á fi kún un pé "Ilẹ̀kùn ti tì." Ìyẹn ni pé kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn mọ́.

"Tí ẹni tó gbẹ̀yìn bá sùn lọ ńkọ́?" Uazuva bèèrè.

"Hiskia? Ìkà kì í sùn," Bàbá dá a lóhùn.

A ò tíì lọ jìnnà tí òkúta mímú kan fi ya táyà ẹ̀yìn mi. Mo ní kí wọ́n máa lọ, kí wọ́n dúró dè mí ní ojú Haiseb. Mo gé awọ ewúrẹ́, mo fi abẹ́rẹ́ àti okùn ìpẹja rán an mọ́ ibi tó ya. Abẹ́rẹ́ gún mi ní àtàǹpàkò. Ó wọlé jìn. Ẹ̀jẹ̀ kán sórí awọ náà. Mo fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà, mo gun kẹ̀kẹ́. Gbogbo ìgbà tí ojú ìránṣọ yẹn bá kan ilẹ̀ ló ń dún: kó… kó… kó.

Òkìtì òkúta ni ojú Haiseb. Ọ̀kan nínú àwọn ibojì rẹ̀ ni. Haiseb ní ibojì púpọ̀. Ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ ayé àtijọ́ ni, ó kú lọ́pọ̀ ìgbà, kò sì gbé inú ọ̀kankan pẹ́. Ẹni tó bá ń kọjá á fi òkúta kan lé e, á sọ orúkọ ara rẹ̀, á máa lọ. Hannelore, dókítà eyín láti Swakopmund, àlejò wa kejì, rí àtàǹpàkò mi. Ó fi báńdéjì wé e, ó ní kí n má ṣe tú u. Mo gbé òkúta mi lé òkìtì náà. Mo ní, "Hiskia nìyí, mò ń kọjá."

Uazuva bú sẹ́rìn-ín. "O pẹ́ jù. Mo ti bá ọ fi tìrẹ sí i."

"Kí lo wí?"

"Nílé wa, ẹni tí kò bá lè dé ibojì, èèyàn rẹ̀ á bá a gbé òkúta tirẹ̀. Mo ní, 'Hiskia nìyí, ó ń kọjá.' Ṣé ẹ̀yin Damara ọmọ ewúrẹ́ yìí kì í dúpẹ́ ni?"

"A máa ń dúpẹ́. Àwa kì í ṣe Herero tó máa ń kí màlúù kí ó tó kí ìyàwó."

Bàbá Sagarias ń wo òkìtì náà. Ó na ọwọ́ bí ẹni fẹ́ mú òkúta kan kúrò, ó tún fà á sẹ́yìn. Kò mọ èwo ni.

A wọ pẹ̀tẹ́lẹ̀. Kùrukùru náà tún ki sí i. Aṣọ pupa Hannelore ni mo ń tẹ̀ lé. Kò sí ẹyẹ. Kò sí atẹ́gùn.

"Ẹ dáhùn o!"

"Uazuva!"

"Hannelore!"

"Hiskia! Ilẹ̀kùn ti tì!"

Gbogbo nǹkan dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, lẹ́yìn mi, níbi tí kò jìnnà:

"Hiskia. Ilẹ̀kùn ti tì."

Ohùn mi ni. Mo kọ́kọ́ pè é ní gbohùngbohùn. Ṣùgbọ́n òkè kankan kò sí níbẹ̀ tí yóò dá ohùn padà. Gbohùngbohùn kì í sì í ṣe sùúrù.

Bàbá fa bíréèkì. Gbogbo wa dúró.

"Hiskia, mo ti kìlọ̀ fún ọ."

"Bàbá, èmi kọ́ o."

"Ohùn ta ni?"

"Ohùn mi ni. Ṣùgbọ́n èmi kọ́."

Uazuva pòṣé. "Ẹ wá gbọ́ ẹjọ́ olè."

Èmi náà ń fura. Mo wo àpò Uazuva. Ó lè ti gba ohùn mi sínú fóònù láàárọ̀. Bóyá agogo ewúrẹ́ ṣì ń dùn ún. Mo wo Bàbá. Bóyá ó ti rí ẹlòmíì tó fẹ́ fi iwájú fún, tó sì ń wá ẹ̀sùn sí mi lẹ́sẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí èmi gbẹ̀yìn," Hannelore ní. "Ẹnu èèyàn niṣẹ́ mi. Tí Hiskia bá la tirẹ̀, màá rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀."

A tún gbéra.

"Ẹ dáhùn o!"

"Uazuva!"

"Hiskia!" Mo pa ẹnu dé, mo fi ọwọ́ bò ó.

"Hannelore! Ilẹ̀kùn ti tì!"

Mo gbọ́ ọ nígbà náà. Kó… kó… kó. Abẹ́ mi ló yẹ kó ti máa dún. Ẹ̀yìn Hannelore ló ti ń bọ̀. Abẹ́ mi dákẹ́.

"Hiskia. Ilẹ̀kùn ti tì."

Hannelore kò pariwo. Ó wa kẹ̀kẹ́ títí táyà rẹ̀ fi kọlu tèmi.

"Ẹ má dúró," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró."

"Ṣé ẹ rí i, Dókítà?"

"Mi ò wẹ̀yìn."

Ìgbà tí oòrùn là á já la tó dúró. Kùrukùru náà ká kúrò bí ẹní. Kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn wa. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ lásán ni, àti ipa wa. Bàbá fi orúnkún tó ń dùn ún kúnlẹ̀.

"Ojú ìránṣọ Hiskia rèé," ó ní. "Ó gun orí ti Dókítà."

"Iwájú mi ló wà," Hannelore fèsì. "Mi ò gbójú kúrò lára ẹ̀yìn rẹ̀."

"Ẹ̀yìn lẹ rí," Uazuva ní. "Ṣé ẹ rí ojú?"

Ó fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kò jáde bẹ́ẹ̀.

Ipa náà wá títí dé ibi tí a dúró sí. Ó tán síbẹ̀. Ojú bàtà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bíi ti ẹni tó fi ẹsẹ̀ kan balẹ̀ láti gbọ́ ohun tí à ń sọ.

Bàbá yí táyà ẹ̀yìn mi po. Ó tún un yí. Kò sí awọ. Kò sí okùn. Kò sí ibi tó ya.

"O pààrọ̀ táyà."

"Níbo, Bàbá?"

Ó dìde, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Ní ìsun omi tí ọkọ̀ ẹrù ti ń dúró dè wá, Àǹtí Albertina ti ro ẹ̀kọ àgbàdo, ó ti yan ẹran ewúrẹ́. Bàbá bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Àǹtí wá sọ́dọ̀ wa, ó ń nu ọwọ́ lára aṣọ.

"Ta ló fi òkúta ẹlòmíì lé ojú Haiseb?"

Uazuva na ọwọ́ sókè bí ọmọ iléèwé.

Àǹtí wò mí, ó wo Bàbá. "Orúkọ kan, òkúta méjì. Èwo ló wá bá yín dé?"

Ó bu omi fún mi kí n fi ṣan ọwọ́. Hannelore ti mú ọwọ́ mi kí n tó tì í bọ omi. Ó yẹ àtàǹpàkò mi wò. Ó yẹ èkejì wò. Kò sí báńdéjì. Kò sí ojú abẹ́rẹ́. Awọ ara náà jọ̀lọ̀ bíi ti ìkókó. Ó gbé ọwọ́ mi sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń gbé ẹyin kalẹ̀.

"Láti òní lọ, iwájú ni wàá máa wà," Bàbá Sagarias ní.

Ohun tí mo ti ń wá nìyẹn. "Ẹ ṣé, Bàbá."

"Má dúpẹ́. Ibi tí gbogbo èèyàn á ti máa rí ọ ni mo fi ọ́ sí."

Iwájú náà ni mo wà títí di bí mo ṣe ń wí yìí. Mo rántí orúkọ ìyá mi. Mo rántí iyọ̀ inú ṣúgà. Mo rántí bí abẹ́rẹ́ yẹn ṣe wọlé, bó ṣe dùn mí tó. Uazuva pè mí lórí fóònù pé òun fẹ́ padà wá mú òkúta náà kúrò. Mo ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní kí ló dé. Mo ní èwo ló máa mú? Ó pa fóònù náà.

Tí kùrukùru bá dé, mo gbọ́dọ̀ ké. Òfin ni. Àwọn àlejò á dáhùn. Ẹni tó gbẹ̀yìn á ti ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ni ohùn mi á wá láti ẹ̀yìn gbogbo wọn. Àwọn àlejò á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní mo mọ eré ṣe. Èmi náà á rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ó ti yí ọ̀rọ̀ padà. Ohùn náà ti rẹ̀ sílẹ̀, bíi ti ẹni tó ti wà níta pẹ́.

"Hiskia," ó ní. "Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ mi síta."