Ẹ̀kán Ọ̀dà Pupa Lábẹ́ Àga Jíìpù

Ìwọ tí ìwé kékeré yìí bọ́ sí lọ́wọ́, má tíì jù ú nù. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan ni mo fẹ́ sọ fún ọ, ọkùnrin tí ẹ̀rù bà débi pé ahọ́n rẹ̀ lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀rù kan náà yẹ kó máa ba ìwọ náà, àmọ́ o kò tíì gbọ́ ìró rẹ̀.

Iṣẹ́ ọkùnrin yìí ni kó máa yẹ ọkọ̀ wò fún ẹni tó fẹ́ rà á. Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ o. Jíìpù ńlá olówó gọbọi nìkan ni tirẹ̀, èyí tó ga bí ilé, tó ní ìlà àga mẹ́ta, tí àwọn èèyàn ń pè ní Àjànàkú. Etí-Irin ni orúkọ tí wọ́n fún un nínú ọgbà tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀, torí pé òòlù kékeré kan kì í kúrò lápò rẹ̀. Á tẹ́ páálí sílẹ̀, á sùn gbalaja, á wọ abẹ́ jíìpù, á sì máa fi òòlù náà kan ṣáàsì, ìyẹn egungun irin gígùn tó gbé gbogbo ara ọkọ̀ ró. Irin tó bá ṣì le á dún gbọnrangandan bí agogo ilé ìwé. Irin tó ti dógùn-ún nínú á dún bọ̀ọ̀, bí ìgbà téèyàn lu páálí tó rẹ sómi.

Ó mọ Àjànàkú láti ìran dé ìran, láti orí èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe jáde dé orí èyí tó dé kẹ́yìn, bí ìyá àgbà ṣe ń mọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ lójú òkùnkùn. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹnu àwọn tó wá rajà kì í pàdé mọ́.

"Ìran kìíní," á ní, "irin gidi ni bàbá yẹn. Kò lẹ́wà, kò mọ̀ ọ́n rìn, epo ló sì ń mu bí ẹni tó gbààwẹ̀ láti àná. Àmọ́ tó o bá fi í sílẹ̀ fún ọmọ rẹ, ọmọ rẹ á fi í sílẹ̀ fún ọmọ tiẹ̀. Ìran kejì, wọ́n wọṣọ fún un. Awọ wà lára àga, atẹ́gùn tútù ń fẹ́ dé ẹ̀yìn. Jíà rẹ̀ ló máa ń ṣàìsàn. Ìran kẹta, arẹwà ni. Tó bá ń lọ, wàá rò pé orí tìmùtìmù lo jókòó sí. Ìran kẹrin, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Kì í ṣe ọkọ̀ mọ́, tẹlifíṣọ̀n tó ní táyà ni."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì rà á. Ohun tó bá ti sọ, ó ti parí nìyẹn.

Ìran kẹta, arẹwà yẹn, ní àléébù kan tí kì í hàn sójú. Omi máa ń wọ inú ṣáàsì rẹ̀, lókè táyà ẹ̀yìn, kò sì níbi tó máa gbà jáde. Inú ló ti ń jẹra, tí òde rẹ̀ á ṣì máa dán. Àwọn tó ń tà á á fi páànù lẹ̀ ẹ́, wọ́n á jó o pọ̀, wọ́n á kùn ún ní ọ̀dà dúdú. Etí-Irin á kàn án, á gbọ́ bọ̀ọ̀, á jáde síta, á gbọn ara rẹ̀ nù, á sì ní: "Ó dáa. Ẹ máa gbé e lọ."

Kí ló ń wá? Ọ̀gá tó ni ọgbà kò fẹ́ ẹni tí yóò máa lé oníbàárà. Etí-Irin sì fẹ́ràn kí wọ́n máa yà lọ́nà fún un, kí wọ́n máa ní "Ẹ jẹ́ kí ọ̀gá kọjá." Ìgbà àkọ́kọ́ tó gbọ́ bọ̀ọ̀ tó sì ní ó dáa, kò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tó yá, ó ń jẹ àjẹyó.

Ó ní ọgbọ́n kan tó ń dá. Jíìpù tí wọ́n bá tà lè padà wá sọ́gbà lẹ́yìn ọdún mélòó kan, wọ́n á ti tún un kùn, etí rẹ̀ gan-an sì lè ṣì í gbọ́. Torí náà, èyíkéyìí tó bá purọ́ lé lórí, á ti ìka bọ ọ̀dà pupa, á fi kán ẹ̀kán kan sórí irin tó wà lábẹ́ àga iwájú, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í wò. Kí wọ́n má baà fi ọkọ̀ náà rẹ́ òun jẹ ni. Àwọn tó ń gbé e lọ sílé ńkọ́? Ìyẹn kò kàn án.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà nínú ọgbà yẹn tó ń rán awọ àga ọkọ̀, ọkùnrin gíga pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Abẹ́rẹ́. Onígbàgbọ́ ni. Kì í fi ariwo yọ èèyàn lẹ́nu, àmọ́ kò fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ bò.

"Etí-Irin, Jésù ń wá ọ o," á ní, tòun ti òwú lẹ́nu.

"Sọ fún un pé mo wà lábẹ́ ọkọ̀."

"Ó mọ̀. Ibẹ̀ gan-an ló ń wò."

Etí-Irin á rẹ́rìn-ín, á tún wọ abẹ́ òmíràn lọ.

Ó wá di ọjọ́ kan tí ìjọ Abẹ́rẹ́ fẹ́ lọ ṣí ilé ìsìn tuntun kan lódìkejì òkè. Ìyàwó Etí-Irin ti ń bá wọn jọ́sìn, ọmọbìnrin wọn kékeré sì wà lára àwọn tó máa kọrin. Ìyàwó yarí pé ọkọ òun gbọ́dọ̀ lọ.

"Mo níṣẹ́," ni Etí-Irin wí.

"Irin tí kò lẹ́nu, ò ń gbọ́ tiẹ̀, bàbá ọmọ mi. Èmi tí mo lẹ́nu, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi orí kan ògiri kó o tó gbọ́ tèmi."

Ó yọ òòlù kúrò lápò, ó gbé e kalẹ̀. Ó wọ aṣọ funfun, ó tẹ̀lé wọn síta. Abẹ́rẹ́ ti ń dúró dè wọ́n pẹ̀lú jíìpù tí ìjọ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà nílùú mìíràn. Ìran kẹta ni, funfun báláú, ó ń kọ mànà.

"Ta ló yẹ èyí wò fún yín?" Etí-Irin bi í, bí ẹni tí wọ́n rí fín.

"Ẹni tó tà á fún wa ní ọ̀gá ńlá kan ti yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí òun fẹ́ rà á. A ò fẹ́ yọ ẹ́ lẹ́nu."

Etí-Irin wo ilẹ̀. Eruku ni. Ó wo aṣọ funfun ọrùn rẹ̀. Òòlù rẹ̀ wà nílé. Ó ní, "Kò burú," ó sì wọ iwájú ọkọ̀. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sáàárín. Ọmọ sáré lọ sí ìlà àga tó kẹ́yìn, lápá òsì, lórí táyà gan-an, torí ibẹ̀ ló máa ń sọ èèyàn sókè.

Abẹ́rẹ́ ń wa ọkọ̀, wọ́n ń gòkè lọ. Etí-Irin ti gbàgbé pé kò fẹ́ wá, ó ń ka ìran jíìpù fún wọn bó ṣe máa ń ṣe, ó ń fi ọwọ́ júwe. Bó ṣe nawọ́ báyìí, awò ojú rẹ̀ já bọ́ látinú àpò àyà, ó wọ abẹ́ àga. Ó ti ọwọ́ bọ ibẹ̀, ó ń táràrà. Ìka rẹ̀ kan kókó kékeré kan lórí irin. Ó kọ́kọ́ rò pé ṣingọ́ọ̀mù ọmọdé ni. Ó fi èékánná ha á, ó gbé èékánná wá sójú.

Pupa ni.

Ó tẹ̀ ba, ó wò ó. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló kán an síbẹ̀.

 Ó rántí jíìpù yìí nígbà tó ṣì dúdú. Ó rántí ibi tó ti dún bọ̀ọ̀, lápá òsì, lókè táyà ẹ̀yìn, níbi tí ìka lásán lè ti ọ̀dà wọlé. Ó sì mọ ẹni tó jókòó síbẹ̀. Ó ń gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀, tó ń fi orin tó fẹ́ kọ dánra wò.

Wọ́n dé orí òkè. Ọ̀nà dà gẹ̀ẹ́rẹ́ síwájú, ó ń wé bí okùn, àpáta lápá kan, ọ̀gbun lápá kejì. Bí Abẹ́rẹ́ ṣe yà níbi kọ́nà àkọ́kọ́, nǹkan kan dún lábẹ́ wọn. Kọ́. Ẹlòmíì kò gbọ́ ọ. Níbi kọ́nà kejì, ó tún dún.

"Kí ló ṣe ọ́?" ìyàwó rẹ̀ bi í. "O ò sọ̀rọ̀ mọ́."

"Kò sí nǹkan kan."

Ọ̀rẹ́ mi tó ń kàwé yìí, wo ọkàn èèyàn. Ọkùnrin náà lè la ẹnu, kó ní kí wọ́n dúró. Àmọ́ wọ́n á bi í pé báwo ló ṣe mọ̀. Ìyàwó á gbọ́. Ọmọ á gbọ́. Abẹ́rẹ́ á gbọ́. Ó ń sọ nínú ara rẹ̀ pé bóyá ó lè gbé wọn dé ìsàlẹ̀. Tí wọ́n bá dé ìsàlẹ̀, òun á fi ọgbọ́n sọ fún wọn kí wọ́n gbé e lọ ṣàtúnṣe, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ó ń wọn orúkọ ara rẹ̀ mọ́ ẹ̀mí ọmọ rẹ̀, orúkọ náà sì ń tẹ̀wọ̀n. Nígbà tó rí ohun tó ń wọ̀n, ẹ̀rù tó bà á ju ẹ̀rù ọ̀gbun lọ.

Kọ́.

"Bàbá," ọmọ ní látẹ̀yìn, "nǹkan kan ń kan mí lẹ́sẹ̀ níbí o. Ó ń mì."

"Abẹ́rẹ́, gbé e dúró." Ohùn rẹ̀ kò ga. "Má tẹ bíréèkì lójijì. Fi jíà kékeré mú un. Rọra, mo bẹ̀ ọ́, rọra."

"Kí ló dé?"

"Èmi ni ọ̀gá ńlá yẹn."

Abẹ́rẹ́ wò ó lẹ́ẹ̀kan péré. Ó rọra mú jíìpù dé ibi tí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ti fẹ̀ lẹ́bàá àpáta, ó pa á. Etí-Irin bọ́ sílẹ̀, ó sáré lọ ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn. "Má fò o," ó ń sọ fún ọmọ. "Máa rọra bọ̀. Máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi." Ìgbà tí ẹsẹ̀ ọmọ kan ilẹ̀ ni òun tó mí.

Ó fẹ̀yìn lélẹ̀ nínú eruku tòun ti aṣọ funfun, ó wọ abẹ́ jíìpù. Kò ní òòlù, ó mú òkúta. Ó kan irin náà. Bọ̀ọ̀. Ó tún un kàn, òkúta wọlé. Ìpẹtà àti èérún ọ̀dà dà sí i lójú. Ó fa ara rẹ̀ jáde, ó ń nu ojú, bẹ́ẹ̀ ni irin náà ya. Kò pariwo púpọ̀. Ẹ̀yìn jíìpù kàn kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, igun tí ọmọ jókòó sí wá gbé ara lé táyà.

 Ìyàwó rẹ̀ kò bú u. Ó fa ọmọ mọ́ra, ó kọ ẹ̀yìn sí ọkọ rẹ̀. Ì bá sàn kó bú u.

Abẹ́rẹ́ jókòó tì í lórí òkúta. "Irú èyí, ṣé òmíràn ṣì wà níta?"

"Ó wà."

"Èèyàn ń bẹ nínú wọn?"

"Wọ́n ń bẹ."  "Abẹ́rẹ́, ẹ̀rù ń bà mí."

"Ó yẹ kó bà ọ́."

"Bí èmi náà ṣe rí nìyẹn. Wọ́n kùn mí ni. Tí ẹ bá kàn mí, ẹ ó gbọ́ ọ."

"Ẹni tó ni ọ́ ti kàn ọ́ lónìí, ó sì ti gbọ́," ni Abẹ́rẹ́ wí. "Ọ̀rẹ́ mi, Jésù kì í fi páànù lẹ ọkàn, kì í kùn ún. Ó fi ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ san gbèsè ẹ̀ṣẹ̀ rẹ, kó lè fún ọ ní tuntun. Ṣé o máa gbà á, àbí o ṣì fẹ́ dúró títí a ó fi dé ìsàlẹ̀ òkè?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára, torí Abẹ́rẹ́ kò mọ̀ pé ohun tó ń rò nínú ọkọ̀ nìyẹn. Ó kúnlẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́. Kò mọ àdúrà gígùn kankan. Ó ní, "Olúwa, inú mi ń dún bọ̀ọ̀. Má kùn mí. Tún mi ṣe." Ó sunkún bí ọmọdé. Nígbà tó yá, ó gbọ́ ẹsẹ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ni. Òun náà kúnlẹ̀.

Ó padà sọ́gbà, ó sọ òtítọ́ níwájú gbogbo wọn. Wọ́n lé e. Ó wá ń ti ilé dé ilé, ó ń wá jíìpù tó ní ẹ̀kán pupa, kó lè kìlọ̀ fún àwọn tó rà wọ́n. Ẹnì kan bú ìyá tó bí i. Ẹnì kan gbá a létí. Obìnrin kan gbé omi fún un, ó sì ní kó jókòó kọ́kọ́ sinmi. Ó rí wọn, àyàfi ọ̀kan tó jẹ́ dúdú. Bàbá kan ló rà á; lọ́jọ́ tó wá rà á, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tó mú wá ń tẹ fèrè ọkọ̀ náà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Kò mọ ibi tí wọ́n wà.

Ọlọ́run ti dárí jì í, ó mọ̀, ó ń sùn lálẹ́. Àmọ́ títí di òní, tí jíìpù dúdú bá kọjá níwájú ilé, á dìde dúró, á máa wò ó títí tí yóò fi yà, á sì gbàdúrà fún àwọn tó wà nínú rẹ̀.

Ìwọ ńkọ́? Mi ò bi ọ́ bóyá òde rẹ ń dán. Mo rí i pé ó ń dán. O mọ ibi tó ti ń dún bọ̀ọ̀ nínú rẹ. O mọ ẹ̀kán pupa tí o fi ọwọ́ ara rẹ kán síbi tí ẹnikẹ́ni kì í wò. Ò ń sọ fún ara rẹ pé tí o bá dé ìsàlẹ̀, wàá ṣe é. Ta ló ṣèlérí ìsàlẹ̀ fún ọ?

Pe Jésù níbi tí o jókòó sí yìí, kó o tó ká ìwé yìí pọ̀. Sọ ọ́ bó ṣe rí, má tún un kùn. Kì í lé ẹni tó bá wá bẹ́ẹ̀ padà.

Ọ̀nà ti dà gẹ̀ẹ́rẹ́ lábẹ́ rẹ, àwọn tó fọkàn tán ọ sì ń kọrin lẹ́yìn rẹ. Gbé e dúró nísinsìnyí.