Ọwọ́ Tútù Oyèlékè

Omi oògùn tí Dókítà Tinúadé ń sè kì í dì àfi tí ọkọ rẹ̀ bá dé. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó kọ́kọ́ kà á sí nǹkan kan. Tinúadé gan-an kò kà á sí.

Iṣẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì tó ti ń kọ́ni ní Benin ni láti yọ ojúlówó oògùn ibà kúrò lára omi ewé dógóyárò. Wọ́n á sè é, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á jẹ́ kó máa tutù díẹ̀díẹ̀ nínú ìgò, kí oògùn náà lè dì sí ìsàlẹ̀ ní hóró wẹ́wẹ́ bíi ṣúgà, kí ìdọ̀tí sì ṣẹ́kù sínú omi. Lẹ́nu, iṣẹ́ ìrọ̀rùn ni. Ṣùgbọ́n omi yìí lágídí. Ó gbé e sínú fíríìjì, kò dì. Ó fi ọ̀pá gíláàsì ha inú ìgò, kò dì. Ó ju hóró ti tẹ́lẹ̀ sí i kó lè fi ṣe àwòkọ́ṣe, hóró náà yọ́ mọ́ ọn lójú. Oyèlékè ọkọ rẹ̀ á wá gbé oúnjẹ ọ̀sán dé láti ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta wáyà iná ní New Benin. Á fi ọwọ́ méjèèjì di ìgò náà mú, á bi í pé ṣé èyí náà ló ń dà á láàmú. Kó tó gbé e sílẹ̀, hóró funfun á ti máa rọ̀ sí ìsàlẹ̀.

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Tinúadé á ní ọkọ òun ló yẹ kí wọ́n fi jẹ dókítà. Ọwọ́ Oyèlékè ti tutù láti ìgbà tí wọ́n ti pàdé níbi ìsìn Yorùbá nínú ìjọ wọn, ó sì máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹni tó fẹ́ òun ti ra fáànù. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó ní òun ò ní mọ̀lẹ́bí kankan mọ́, àgbà ìjọ kan ló dúró bíi bàbá fún un lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Kì í sì í rìnrìn àjò lọ sí ìwọ̀ oòrùn tó ti wá. Ó ní ojú ọ̀nà ń ba òun lẹ́rù. Ta ni kì í bà lẹ́rù láyé ìsinsìnyí? Tinúadé fẹ́ràn rẹ̀ tọkàntọkàn, kò tú ìdí ọ̀rọ̀ wò.

Àfi bí ìwádìí ti jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ki témómítà bọ ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní kó bá òun mú un dání. Ó yẹ kó máa gòkè. Ó ń lọ sílẹ̀ ni, ó lọ sílẹ̀ ju ti afẹ́fẹ́ inú yàrá lọ. Oyèlékè wo ojú rẹ̀, ó rọra dá a padà fún un. Tinúadé sọ fún ara rẹ̀ pé témómítà náà ti bàjẹ́, ó sì jù ú nù.

Kò pẹ́ ni Ṣèyíọlá dé. Ọmọbìnrin ará Ìkìrun ni, ó wá gba oyè kejì lábẹ́ Tinúadé. Ọmọ náà mọṣẹ́, ó sì lẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n bí ohùn Oyèlékè bá ti dún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, á sáré wọ yàrá tí wọ́n ń kó ìgò sí, á ti ilẹ̀kùn, kò sì ní jáde àfi tí ọkùnrin náà bá lọ. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò, obìnrin wo ló máa rí irú èyí tí kò ní fura? Owú gbé Tinúadé débi pé bí ọkọ rẹ̀ bá súfèé, á fẹ́ mọ ẹni tó ń súfèé sí.

Lọ́jọ́ kan, bí Oyèlékè ṣe lọ tán, ó ṣí ilẹ̀kùn yàrá ìgò lójijì. Ó bá Ṣèyíọlá lórí ìkúnlẹ̀, ojú rẹ̀ wà lójú ihò kọ́kọ́rọ́, omijé ti rin ọrùn aṣọ rẹ̀.

"Kí ni ọkọ mi jẹ́ sí ọ?" Tinúadé bi í jẹ́jẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi ni, mà. Ìyá kan náà, bàbá kan náà."

Ọkàn Tinúadé kọ́kọ́ balẹ̀. Ìbátan ni wọ́n! Kí ló wá dé tó ń sá fún un? Ṣèyíọlá nu ojú. Ó ní mọ́tò ló pa ẹ̀gbọ́n òun lójú ọ̀nà Orè, nígbà tí òun ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Ojú òun ni wọ́n ṣe wẹ̀ ẹ́, ojú òun ni wọ́n ṣe da iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Ará Ìkìrun kan tó wá ná ọjà ní New Benin ló padà wá sọ pé òun rí i, ìdí nìyẹn tí òun fi wá ilé ìwé wá sí ìlú yìí. Òun kàn fẹ́ máa wò ó ni. Àwọn àgbà ní bí àkúdàáyà bá ti fojú kan ẹni tó sin ín, ìlú yẹn ò gbà á mọ́.

Ẹ̀rù ba Tinúadé, ṣùgbọ́n ohun tó bà á lẹ́rù jù ni kí ọkọ rẹ̀ lọ. Òkú ni o, alààyè ni o, òun ló fẹ́. Àbúrò ọkọ, ọkọ náà ṣáà ni, bó ti wù kó kéré. Olùkọ́ bá kúnlẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ lórí sìmẹ́ńtì.

"Ọkọ mi, jọ̀ọ́, má jẹ́ kó rí ọ."

"Kò ní rí mi, ìyàwó wa," Ṣèyíọlá wí, ó sì fà á dìde.

Báyìí ni àwọn méjèèjì ṣe panu mọ́. Bí ọ̀sán bá dé, ọ̀kan á jókòó ti ọkọ rẹ̀, èkejì á máa wò láti ojú ihò. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ wọn lára.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, Oyèlékè dé, ó ń tẹ́ àwo sórí tábìlì. Mẹ́ta ló tẹ́. Tinúadé bi í pé ta ló ni ẹ̀kẹta.

"Ti àbúrò mi ni." Ó ń bu ìrẹsì lọ ní tirẹ̀. "Ooru ti pọ̀ jù nínú yàrá yẹn. Ní kó jáde wá jẹun."

Tinúadé di apá rẹ̀ mú. Ó ní kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kí àwọn kúkú máa lọ sílé ní Ugbor, kí àwọn lọ jẹun níbẹ̀. Oyèlékè rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní òun ti ń gbọ́ èémí ọmọ náà láti ọjọ́ tó ti dé, òun tí òun pọ̀n ọ́n dàgbà.

"Ojoojúmọ́ ló ń sunkún, Tinú. Mi ò lè máa jẹun kó máa sunkún."

Ilẹ̀kùn ṣí. Ṣèyíọlá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó sì fi oríkì kan tí Tinúadé kò gbọ́ rí pè é.

"Bọ̀ọ̀dá Àkàngbé."

"Oo," ni Oyèlékè dáhùn, pẹ̀lú ayọ̀.

Ó parí. Wọn ò gbọ́ ẹsẹ̀, ilẹ̀kùn ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò dún, àga rẹ̀ ṣófo, oúnjẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ń yọ èéfín. Àwọn obìnrin náà di ara wọn mú, wọ́n sunkún títí ẹ̀ṣọ́ fi wá sọ pé òun fẹ́ tilẹ̀kùn.

Tinúadé sọ fún àwọn ará ìjọ pé ọkọ òun rìnrìn àjò. Nígbà ọyẹ́, olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ti ìpàdé kan ní Jalingo dé. Ó ní òun rí ọkùnrin kan tó ń ta wáyà lọ́jà ibẹ̀, tó jọ ọkọ Tinúadé bí ìbejì, àmọ́ nígbà tí òun kí i, kò dá òun mọ̀. Ẹnu obìnrin náà ò tíì pa dé tí Ṣèyíọlá ti dìde, tó ń wá báàgì rẹ̀, tó ń béèrè ibi tí wọ́n ti ń wọ mọ́tò òkè Ọya.

Tinúadé di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó dúró kí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ jáde.

"Jókòó, ọkọ mi. Bí a bá lọ, a máa tún sin ín ni. Bí a ò bá lọ, ó wà láàyè."

Ṣèyíọlá jókòó.