Ọwọ́ Tó Wẹ Ọmọ

Ọmọ náà kò tíì ní orúkọ nígbà tó kú. Ọmọ ọjọ́ méjì péré ni. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, Màmá Àṣàbí, ìyá ọkọ Ṣìmí, fi kàn-ìn-kàn-ìn àti ọṣẹ dúdú wẹ̀ ẹ́, ó nà á lápá, ó nà á lẹ́sẹ̀, ó sì ń kì í títí ọmọ fi sùn lọ. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ọmọ kọ ọmú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ, ó ń kùn bí ẹni tó ru ẹrù tó jù ú lọ. Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Èkejì nìyẹn o. Ní ọdún méjì ṣáájú, àkọ́bí Ṣìmí kú bákan náà, lẹ́yìn ìwẹ̀ ọwọ́ kan náà.

Ilé oníyàrá méjìlá ni Ṣìmí, Níyì ọkọ rẹ̀ àti Màmá Àṣàbí ń gbé ní Múṣìn, gbogbo ayálégbé ló ń pọnmi nídìí ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Ẹ̀yin náà mọ irú ilé bẹ́ẹ̀: bí ẹ bá sín ní yàrá kìíní, ará yàrá kejìlá á kí yín. Fàósátù, tó ń ta ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà, ló kọ́kọ́ la ẹnu.

"Èmi ò pe ẹnikẹ́ni ní àjẹ́ o," ó ní. Ẹni tó bá sì ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ báyẹn ti pè é tán. "Àmọ́ ọwọ́ kan ló wẹ ọmọ méjèèjì. Ẹyẹ kan sì bà lórí táǹkì lọ́jọ́ yẹn, fèrèsé wọn ló tẹjú mọ́."

Irọ́ gbuu! Ẹyẹlé baba ojúlé kejì ni ẹyẹ ọ̀hún, gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ yẹn tó dé Ládìpọ̀, níbi tí Níyì ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, ẹyẹlé ti di òwìwí.

Ṣìmí nìkan ló mọ ohun tí kò sọ.

Nígbà tí oyún kejì wọ oṣù kẹsàn-án, Nọ́ọ̀sì Christianah, ní ọsibítù kan ní Yaba, gbọ́ bí àkọ́bí Ṣìmí ṣe kú, ó sì fi òwú nu ojú ara Ṣìmí fún àyẹ̀wò. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ní kòkòrò kan wà níbẹ̀. "Bí ìrọbí bá ti mú yín, ẹ máa bọ̀ kíá, ká lè fún yín lábẹ́rẹ́ sínú iṣan kí ọmọ tó dé."

Ìyókù ọ̀rọ̀ kò wọ Ṣìmí létí. Kòkòrò lójú ara! Kí ni ìyẹn bí kò ṣe àtọ̀sí? Níyì sì rèé, ọkùnrin tó ń jowú ẹni tó rán bàtà fún ìyàwó rẹ̀. Á ní kó dárúkọ ẹni tó kó o ràn án. Ṣìmí ya ìwé èsì náà pẹ́rẹpẹ̀rẹ, ó ra agbo àtọ̀sí ìgò mẹ́ta, ó ń mu ún ní kọ̀rọ̀. Nígbà tí ìrọbí dé, ó ní ilé ìgbẹ̀bí tó wà lẹ́yìn ilé wọn ti tó. Ta ni yóò fún un lábẹ́rẹ́ níbẹ̀, nígbà tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni?

Lọ́jọ́ kẹta tí wọ́n sin ọmọ, Múyìwá, ẹ̀gbọ́n Níyì, pe ẹbí jọ.

"Màmá," Níyì ní, kò lè wo ojú ìyá rẹ̀, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó ẹrù yín."

"Lórí kí ni?"

"Ẹ ṣáà mọ ohun tí wọ́n ń sọ."

"Mo mọ̀ ọ́n. Níyì, bí ọwọ́ mi bá ń pa ọmọ, ta ló ń bá mi sọ̀rọ̀ yìí?" Ó yíjú sí Ṣìmí. "Ìyàwó mi, ìwọ ńkọ́? Ṣé o gbà pé èmi ni mo pa ọmọ rẹ?"

Ṣìmí tẹjú mọ́lẹ̀, ó ń fi ìka yí etí ìró rẹ̀. Màmá Àṣàbí wò ó títí.

"Ó dáa," ó ní.

Ó lọ gba yàrá kékeré kan ní Ìwáyà, ó ń ta ẹja yíyan. Òkìkí náà ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Àwọn obìnrin tó lóyún kì í gba iwájú àtẹ rẹ̀ kọjá.

Nígbà tí oyún kẹta dé, ẹ̀rù ikú borí ìtìjú, Ṣìmí padà sí Yaba. Nọ́ọ̀sì Christianah ṣe àyẹ̀wò, ó ní kòkòrò yẹn ṣì wà níbẹ̀. Ṣìmí bú sẹ́kún.

"Nọ́ọ̀sì, mo fi Ọlọ́run búra, n ò mọ ọkùnrin mìíràn yàtọ̀ sí ọkọ mi!"

"Háà! Ta ló bi yín? Kì í ṣe àtọ̀sí. Ẹnikẹ́ni ò kó o ràn yín. Inú ara ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń gbé, wọn ò tiẹ̀ ní mọ̀. Ìgbà tí ọmọ bá ń jáde bọ̀ ló lè kó o, tó sì lè wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Agbo ò kápá ẹ̀. Abẹ́rẹ́ lásìkò ìrọbí ló ń dáàbò bo ọmọ."

"Ìwẹ̀ ńkọ́, mà?"

"Ìwẹ̀ kẹ̀? Bí ẹ ṣe ṣàlàyé ikú wọn yìí, ó ti wà lára ọmọ kí wọ́n tó pọn omi ìwẹ̀ rárá."

Ó yẹ kí inú Ṣìmí dùn. Ojú ló tì í, ojú tì í gan-an ni. Ó ní òun á sọ fún Níyì lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó di ọ̀la. Ó di ìgbà tí òun bá bímọ tán.

Ó bímọ. Abẹ́rẹ́ wọ iṣan lásìkò, ọmọkùnrin dé, ó figbe ta. Ọjọ́ kejì kọjá, ọjọ́ kẹta kọjá. Lọ́jọ́ kẹjọ, àwọn ènìyàn kún yàrá wọn fún ìsọmọlórúkọ, Níyì sì gbé ọmọ sókè.

"Ẹ rí i? Láti ìgbà tí ọwọ́ yẹn ti kúrò nílé yìí, ọmọ dúró!"

"Ṣé mo wí i àbí n ò wí i?" Fàósátù dáhùn.

Ṣìmí wo ọmọ náà. Ọmọ rẹ̀ tó yè ti di ẹlẹ́rìí lòdì sí ìyá arúgbó. Bí òun bá gbé òtítọ́ mì lónìí, Màmá Àṣàbí á bá orúkọ àjẹ́ wọ sàréè.

"Ìyá ọmọ, ó kàn ọ́," Múyìwá ní. "Orúkọ wo lo fún un?"

Ṣìmí dìde.

"Kí n tó sọ orúkọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́. Kòkòrò ló pa àwọn ọmọ mi. Ojú ara mi ló wà. Wọ́n sọ fún mi kí n tó bí èkejì. Mo rò pé àtọ̀sí ni, ojú tì mí, mo fi pamọ́, n ò lọ gba abẹ́rẹ́. Eléyìí yè torí pé mo gbà á. Màmá ò ṣe ju pé wọ́n bá mi wẹ ọmọ lọ. Mo mọ̀ pé mo fi nǹkan pamọ́, mo sì dákẹ́, ẹ lé wọn."

Fàósátù gbé àwo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó rọra ń wá bàtà rẹ̀.

"Níwájú gbogbo ayé, Ṣìmí?" Níyì ní.

"Níwájú gbogbo ayé la ti pe Màmá ní àjẹ́."

Níyì tẹ nọ́ńbà ìyá rẹ̀, ó ṣí ohùn fóònù síta. Nígbà tí ìyá gbé e, Níyì na fóònù sí ìyàwó rẹ̀. Ṣìmí kúnlẹ̀ bí ẹni pé ìyá náà ń wò ó, ó tún gbogbo rẹ̀ sọ, kò yọ ọ̀kan sílẹ̀. Gbogbo yàrá ń gbọ́.

"Ọmọ náà," Màmá Àṣàbí ní nígbẹ̀yìn, "ṣé ó ń mu ọmú dáadáa?"

"Ó ń mu ún, mà."

"Ẹ tọ́jú ẹ̀."

Níyì sáré bẹ̀rẹ̀ sórí fóònù. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mo ń bọ̀ wá gbé yín. Màmá?"

Ìyá ti pa fóònù.