Òkúta Ẹnu Kànga

Kì í ṣe àlá, n kò sì mutí. Ilé mi ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n ti sọ ọ́ ṣáájú.

Bíríkìlà ni mí. Kànga àtijọ́ kan wà ní ìkángun àdúgbò wa, ó ti di ààtàn. Òkúta pẹlẹbẹ kan dúró lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n fín orúkọ àwọn méje tí ilẹ̀ ya lù nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ kànga náà sí i lára. Nígbà tí a wà ní kékeré, ìyá mi máa ń sọ fún wa pé ẹni tó bá ń kọjá gbọ́dọ̀ ní, “Ẹ kú iṣẹ́.” Ẹni tí kò bá kí wọn, ilé ara rẹ̀ ni wọn yóò ti máa kí i bí àlejò. Nígbà tí omi ẹ̀rọ dé, a kò kí wọn mọ́.

Mo hú òkúta náà, mo fi ṣe àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé mi. Mo dojú rẹ̀ bolẹ̀, nítorí ojú tí wọ́n bá fín ni símẹ́ǹtì máa ń dì mú jù. Ọgbọ́n àgbọ́njù ló ń pa òdù ọ̀yà. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ kejì, lọ́sàn-án gangan, ìyá mi tó ń gbé lọ́dọ̀ mi jókòó lé e. Ilé pa rọ́rọ́. Ó dárúkọ kan tí n kò gbọ́ rí.

“Ọlọ́wọ́ òsì ni,” ó ní. “Òun ló kọ́kọ́ wọlẹ̀.”

“Ta ló sọ fún yín, Màámi?”

“Ta ni ìbá sọ fún mi?”

Ìyá mi kò mọ̀wé.

Àwa méje ló bí, èmi ni àbíkẹ́yìn. Àràárọ̀ ló máa ń dárúkọ wa tẹ̀léra nínú àdúrà. Ní òwúrọ̀ tó tẹ̀lé e, ó fo orúkọ ẹ̀gbọ́n wa àgbà. Láti ọjọ́ náà, bí orúkọ òkú kan bá ti wọlé sí i lẹ́nu, ọ̀kan nínú wa a jáde.

Nígbà tí orúkọ òkú pé mẹ́fà, mo fi dígà hú òkúta náà. Ojú rẹ̀ ń dán bí àwo. Kò sí lẹ́tà kankan níbẹ̀. Símẹ́ǹtì abẹ́ rẹ̀ náà kò ní àpá.

Mo mú òòlù, mo fín orúkọ mẹ́fà tí mo ti gbọ́ padà sí i. Ìyá mi ń wò mí. Ó la ẹnu.

“Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ èyí tó kù.”

“Òun náà ṣiṣẹ́ o.”

“Mo mọ̀, mà. Ẹ ṣáà máa pe tèmi.”

Ó pa ẹnu dé. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n n kò yí ọ̀rọ̀ mi padà.

Mo fi ọmọlanke gbé òkúta náà padà sẹ́nu kànga, pẹ̀lú àyè kan tó ṣófo nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo ní, “Ẹ kú iṣẹ́.”

Nígbà tí mo délé, ìyá mi nìkan ló wà lẹ́yìnkùlé. Ètè rẹ̀ ṣì ń mì, bí ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ tán. Kò sẹ́lòmíràn nítòsí tó lè gbọ́.

“Màámi, orúkọ wo lẹ pè?”

Ó rọra dìde fún mi, ó tún aṣọ rẹ̀ ṣe.

“Ẹ kú iṣẹ́, bíríkìlà,” ó ní. “Ìyá yín ńkọ́?”